Ta Ló Fọwọ́ Kan Fáìlì Yìí?

Bí òpin oṣù bá ti ń sún mọ́lé, ọwọ́ àwọn akọ̀wé owó máa ń dí láwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀nà Ọba Akran, ní Ìkẹjà. Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ òṣìṣẹ́, owó oṣù àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn wà. Ká ní ẹnì kan yọ́ wọ inú fáìlì náà lóru, tó fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ rọ́pò ti ẹlòmíì. Orúkọ ò yí, iye owó ò yí, àròpọ̀ rẹ̀ ṣì pé géérégé. Kódà, ó lè dá ọjọ́ tó wà lára fáìlì náà padà sí ti àná.

Hash ló máa tú u fó. Kọ̀ǹpútà á ka fáìlì náà látòkèdélẹ̀, á ṣírò rẹ̀, á sì gbé àmì kan jáde; àmì yẹn ni hash. Èyí tí wọ́n ń pè ní SHA-256 máa ń jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà 64. Bí ẹ bá kọ “hello” nìkan sínú fáìlì, 2cf24dba ni àmì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ h yẹn di H ńlá péré, ó di 185f8db3, ìyókù náà á sì yàtọ̀.

Bíi síìlì ẹnu ọkọ̀ ẹrù tó ń jáde ní Agége ni hash rí: kò lè dá olè dúró, àmọ́ bí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá bá ti inú ìwé ẹrù mu, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Ìwé ẹrù ọ̀hún, ìyẹn àkọsílẹ̀ hash, gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó lè yí fáìlì padà lè yí àkọsílẹ̀ hash náà padà, tó bá bá a nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíì, kí ẹ sì ti gbà á sílẹ̀ nígbà tó dá yín lójú pé fáìlì ò ní àbùkù.

Lọ́dún 1992, Gene Kim àti Eugene Spafford ní Yunifásítì Purdue, l'Amẹ́ríkà, ṣe Tripwire, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi irú àmì báyìí ṣọ́ fáìlì. Lórí Windows, àṣẹ Get-FileHash nínú PowerShell ń gbé hash jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí àmì bá yí, ẹ má tètè pariwo olè. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun ni. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, àti ẹni tó fàṣẹ sí i. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015. Hash kì í sọ ìlà tó yí, nítorí náà ẹ dá owó dúró ná, kí ẹ fi ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ wé ti ìsinsìnyí, àkáǹtì kan tẹ̀ lé òmíràn.