Àdírẹ́sì Àṣẹ àti Àdírẹ́sì Àwùjọ

LISTSERV, tí Eric Thomas kọ ní Paris ní ọdún 1986, ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú orúkọ àwọn tí ń gba ímeèlì àwùjọ kan. Ímeèlì náà ni a fi ń pàṣẹ fún un: SUBSCRIBE fún ìwọlé, SIGNOFF fún ìjáde. Ètò yìí ni ó ni àdírẹ́sì tí ń gba àṣẹ. Òmíràn ni èyí tí ń pín ọ̀rọ̀ fún gbogbo ọmọ àwùjọ. Bí olùtumọ̀ bá pe méjèèjì ní 'àdírẹ́sì' lásán, ẹni tí ó fẹ́ jáde lè kéde SIGNOFF sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. 'Àdírẹ́sì àṣẹ' àti 'àdírẹ́sì àwùjọ' ni ó yẹ. 'Àdírẹ́sì alákòóso' kò bá a mu: ènìyàn ni alákòóso, ó sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀.