Kí òǹtajà rédíò tó dá owó oníbàárà padà

Bí oníbàárà kan ní Èjìgbò bá dá rédíò shortwave padà pé ohùn inú rẹ̀ ń dún bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó lè má bàjẹ́ rárá. AM máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà sí apá méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sì ń bá ìgbì tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú lọ. SSB ń fi apá kan ṣoṣo ránṣẹ́. Òun làwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì ń lò láti bá ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀: LSB, apá ìsàlẹ̀, sábà wà lábẹ́ 10 MHz, USB, apá òkè, wà lókè rẹ̀. Rédíò tí kò ní SSB kò lè tún ohùn náà tò. Kí òǹtajà bi oníbàárà léèrè ohun tó fẹ́ gbọ́, kó tó gba owó rẹ̀.