Ẹ̀kọ́ fún Olùrànlọ́wọ́: Ibi tí Ìrànlọ́wọ́ Dé, àti Ibi tí Iṣẹ́ Lọ́yà ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tọ̀tẹ̀ yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa bá àwọn ará wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, sí ilé ìwé ọmọ, sí ọsibítù, tàbí láti máa là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa òfin ìlú yìí. Ó wà pẹ̀lú fún ẹbí tó máa gba ìrànlọ́wọ́ náà, kí ẹ lè mọ ohun tó tọ́ kí ẹ retí lọ́wọ́ wa, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti Tyler, ìlú kan tó wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì sí ìlà-oòrùn Dallas. Ní 1975, àwọn aṣòfin Texas ṣe òfin kan pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní san owó fún ilé ìwé nítorí ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú, àti pé ilé ìwé lè kọ̀ láti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1977, ìgbìmọ̀ ilé ìwé Tyler ní kí àwọn ọmọ náà máa san $1,000 lọ́dún, ọmọ kọ̀ọ̀kan o. Òṣìṣẹ́ ni àwọn òbí wọn, ará Mẹ́síkò. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn?

Òṣìṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì kan wà níbẹ̀ tó máa ń wọlé wọ̀de pẹ̀lú àwọn ẹbí wọ̀nyí. Michael McAndrew ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe lọ́yà. Àmọ́ àwọn èèyàn náà fọkàn tán an, òun ló sì ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní ìlú náà, Larry Daves. Lọ́yà yìí ké sí MALDEF, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Mẹ́síkò ní Amẹ́ríkà, Peter Roos sì wá láti ibẹ̀. Ẹbí mẹ́rin tó ní ọmọ mẹ́rìndínlógún ló pe ẹjọ́ náà ní September 1977. Adájọ́ William Wayne Justice gbọ́ ọ ní ìdájí kí ojú ayé má baà pọ̀ lára wọn, orúkọ àdàpè ni wọ́n sì fi pè wọ́n ní kọ́ọ̀tù, "Doe". Àwọn kan nínú wọn ti di ẹrù sínú mọ́tò kí wọ́n tó jáde nílé, torí wọ́n rò pé láti kọ́ọ̀tù ni wọ́n á ti kó àwọn padà sí Mẹ́síkò. Ẹ ro bí ọkàn òbí ṣe máa rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n jàre. Ẹjọ́ náà gòkè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington, àwọn ọmọ náà sì tún jàre níbẹ̀ ní June 15, 1982, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Plyler v. Doe ni wọ́n ń pè é. Òun ni kò jẹ́ kí ilé ìwé ìjọba kankan ní Amẹ́ríkà lè lé ọmọ yín nítorí ìwé ìgbélùú títí di bí a ṣe ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú kan ń fẹ́ kí wọ́n yí i padà. Ilé ìwé lè béèrè bíìlì iná tàbí ìwé ilé tí ẹ háyà, láti fi mọ̀ pé àdúgbò wọn lẹ ń gbé, wọ́n sì lè béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tí ọmọ ò bá ní nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń fún un ní Texas.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe pín níbẹ̀. Lọ́yà ló mọ òfin. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí ẹni tó mọ ilé àwọn ẹbí náà, tí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún, ta ni lọ́yà ì bá gbẹnu sọ fún? Ipò tí ọkùnrin ìjọ yẹn wà ni a fẹ́ kọ́ yín láti wà. Kò sì ṣàjèjì sí wa nílé. Ní Abẹ́òkúta, láàárín àwọn ọdún 1940, kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí ojú àwọn ìyá náà ń rí lọ́wọ́ agbowó orí ni wọ́n tó bọ́ síta. Ní 1946 ẹgbẹ́ wọn di Abẹ́òkúta Women's Union, ní 1947 wọ́n yí ààfin ká, nígbà tó sì di January 1949 Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Kíláàsì ló ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́. Ká ní ìyá kan ní Garland ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú yín. Fọ́ọ̀mù N-400 tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ ìlú wà lórí tábìlì.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Wọ́n ń béèrè níbí bóyá ọlọ́pàá ti mú mi rí. Wọ́n mú mi lẹ́ẹ̀kan nítorí aáwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọ́n ti da ẹjọ́ yẹn nù. Ṣé kí n kọ ọ́ pé rárá?"

"Ẹ ṣé, Mọ̀mì. Mo lè ka ìbéèrè náà fún yín ní Yorùbá kó yé yín. Ó ní ṣé wọ́n ti mú yín rí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àmọ́ bí ẹ ṣe máa dáhùn, èmi kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín, mà. Lọ́yà ni."

"Àbí o ò kàwé ni? Wọ́n ní akáńtáńtì ni ẹ́."

"Akáńtáńtì ni mí lóòótọ́, mà. Ìṣirò owó ni mo kọ́, n ò kọ́ òfin."

Ó lè dà bí ẹni pé ọmọ yìí ò fẹ́ ran ìyá lọ́wọ́. Rárá o. Iṣẹ́ tó wà fún un pọ̀ níbẹ̀. Ó lè túmọ̀ ìbéèrè, ó lè bá Mọ̀mì kọ ohun tí Mọ̀mì fúnra wọn bá sọ, ó lè bá wọn lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù láti gba ìwé tó fi hàn bí ẹjọ́ ṣe parí, ó sì lè pe lọ́yà, kó jókòó tì wọ́n níbẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó sọ fún wọn irú fọ́ọ̀mù tó yẹ wọ́n, tàbí irú ìdáhùn tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, òfin Texas ò sì gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà máa ṣe é, ì báà gba owó tàbí kó má gbà á.

Kí ló fà á tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹni tó bá fi N-400 ránṣẹ́ ti ní kí wọ́n ṣí fáìlì òun láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ tí kọ́ọ̀tù ti dà nù lè má ṣe Mọ̀mì ní nǹkan kan rárá, ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n bá pa nípa rẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gba kó fara pamọ́ fún fọ́ọ̀mù yẹn pátápátá, torí tó bá fi ránṣẹ́, iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ló máa bá ara rẹ̀. Àwa tí a jókòó sórí àga nínú pálọ̀ ò lè dá èyí mọ̀ sí ìyẹn. Owó náà tún ńkọ́? Láti April 2024, $760 ni N-400 lórí bébà, $710 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó ò padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá, ọ̀rọ̀ nótárì yìí ṣe pàtàkì fún yín. Ní Nàìjíríà, lọ́yà ni notary public, Adájọ́ Àgbà ló ń yàn án. Ní Texas, ẹni tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé ìpínlẹ̀ yìí, tí kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lọ́rùn, lè di nótárì láìfojú kan ilé ìwé òfin rí. Kó wo ojú yín nígbà tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé, kó sì lu òǹtẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "Notary" lára ṣọ́ọ̀bù tó ń tà káàdì fóònù àti gàrí, ẹ má rò pé lọ́yà wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Spanish ń kó sí ọ̀fìn yìí gan-an, torí ẹni ńlá ni "notario" nílùú tiwọn. Ìdí nìyẹn tí òfin Texas fi ka orúkọ yẹn léèwọ̀ fún nótárì láti fi polówó ara rẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe jù báyìí lọ láìjẹ́ lọ́yà, ọ̀nà kan wà, ọ̀nà gidi sì ni. Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń fọwọ́ sí ẹgbẹ́ aláàánú kan, wọ́n á sì fọwọ́ sí àwọn ènìyàn nínú ẹgbẹ́ náà láti máa ṣojú fún àwọn àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan lè ṣojú níwájú ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n nìkan, èkejì lè dé kọ́ọ̀tù ìmígíréṣọ̀n pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ló ń kọ̀wé béèrè, ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Wọ́n máa wo ìwà yín, wọ́n máa wo ẹ̀kọ́ tí ẹ ti gbà lórí òfin náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n á tún un wò. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ní irú àṣẹ yìí, ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ lọ wò ó nínú àkọsílẹ̀ tí ìjọba ń gbé jáde.

Ẹ má rò pé àwọn lọ́yà nìkan ló ń fi ààlà sílẹ̀. Àwa oníṣirò náà wà lábẹ́ irú ẹ̀. Nínú ètò VITA tí IRS fi ń ṣe ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo wa la máa ṣe ìdánwò IRS kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò kó tó jáde, bí ìwé náà bá sì le ju ohun tí ètò gbà lọ, a máa dá a padà ni. Bí akáńtáńtì bá ń rò pé ìtìjú ni ìyẹn, kó máa lọ sílé.

Ní ilé ìwé, ẹ lè ṣe ohun tó pọ̀. Ọmọ tó bá nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe máa ń ní ìpàdé tí wọ́n ń pè ní ARD ní Texas. Òfin gba òbí láyè láti mú ẹni tó mọ ọmọ náà dáadáa dání. Ẹ bá wọn lọ, ẹ máa kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ẹ sì rán òbí létí pé kò pọn dandan kó fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e lọ́jọ́ yẹn. Ní ọsibítù, ẹ béèrè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ fún dókítà. Ó ń ṣẹlẹ̀ jù láàárín wa.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù tí a ò lè fò. Ẹni tó ní green card kì í ṣe ọmọ ìlú, kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ì báà jẹ́ ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì mọ́tò ni wọ́n ti bi í, tó sì kàn ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè. Ó ti kó bá àwọn ènìyàn tí wọn ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ẹ máa sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé.

Ní ti ìwé wa: ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n bi yín, ohun tí ẹ ṣe, àti ẹni tí ẹ darí wọn sí. Ẹ má kọ nọ́ńbà Social Security ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ má gbé ojúlówó ìwé ènìyàn lọ sílé yín. Ẹ má gba $20 "fún epo", bó ti wù kí Mọ̀mì rọ̀ yín tó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1997 tó ń dáàbò bo olùyọ̀ǹda ara ẹni kò bo ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ní láísẹ́ǹsì fún, tí kò sì ní in. Fún ẹbí tí kò mọ ibi tó máa yà sí, 2-1-1 ni kí wọ́n pè. Catholic Charities Dallas àti Human Rights Initiative of North Texas ń ṣe ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, Legal Aid of NorthWest Texas wà fún ọ̀rọ̀ ilé àti ìdílé.

Epo tiyín ńkọ́? Sẹ́ńtì 14 lórí máìlì kan ni IRS gbà kí ẹ yọ nínú owó orí fún iṣẹ́ àánú, tí ẹ bá ń to ìnáwó yín lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé owó orí. Láti 1998 ló ti wà bẹ́ẹ̀, Kọ́ńgírésì nìkan ló lè yí i padà. Ẹ kọ máìlì náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rìn ín, ẹ má dúró di April.