Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Bá Àkókò Rẹ̀ Wá

Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, ẹ fetí sí mi. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dìde, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

1. Ẹ mọ ọjọ́ yín. Nǹkan oṣù tó ń wá láàárín ọjọ́ 24 sí 38, tí kò ju ọjọ́ 8 lọ, kò burú. Èyí tó ń dà wàà, tàbí tó ń yọjú lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà.

2. Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan gbáko, tó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ ìkán kan lára pátá, kó má sọ pé òun ti padà di ọmọge. Mo ti gbọ́ ọ rí níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó sì dùn mí. Nínú irú ìyá bẹ́ẹ̀ 10, ó tó ẹnì kan tó máa ń ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ojú lásán ò lè mọ ẹni náà.

3. Bí dókítà bá fẹ́ mú díẹ̀ nínú awọ ilé ọmọ yẹ̀ wò, ẹ má sá. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá oyún wà. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n sábà ń fi fà á. Inú á run yín bíi ti nǹkan oṣù, kò sì ní pẹ́ tó fi máa parí. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n fà sínú ìgò fọmalíìnì, wọ́n á fi ìda dì í, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kùn ún láwọ̀ elésè-àlùkò, kí wọ́n tó fi maikirosikóòpù wò ó. Ẹ rí i pé orúkọ yín wà lára ìgò yẹn.

4. Ohun tí wọ́n ń rí pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹyin ò jáde lóṣù yẹn ni, tí họ́mónù dàrú. Ó lè jẹ́ àṣẹ́kù oyún tó bàjẹ́, tàbí ikọ́ ife tó wọ ilé ọmọ. Awọ náà sì lè nípọn jù: bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò bá tíì yí padà, oògùn họ́mónù sábà máa ń tún un ṣe. Bó bá ti yí padà, jẹjẹrẹ ò jìnnà mọ́. Ẹni tó ti bímọ tán, yíyọ ilé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń gbà á níyànjú.

5. Fáíbírọ́ìdì kì í sábà hàn nínú ohun tí rọ́bà fà. Ẹ ṣe sikáànù pẹ̀lú. Alágbo tó ní "fáíbírọ́ìdì ni," kí ló fi rí i?

6. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé ìgò náà lọ sí Oǹdó, Àkúrẹ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀, ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde. Ẹ padà lọ gbà á lọ́jọ́ náà, ẹ yà á ní fọ́tò sórí fóònù yín, kí dókítà sì kà á fún yín títí á fi yé yín.