Àwọn Júù Erékùṣù Elefantínì

Ìwé Deutarónómì pàṣẹ pé ibi kan ṣoṣo tí Ọlọ́run yàn ni kí àwọn Júù ti máa rúbọ. Síbẹ̀, ní erékùṣù Elefantínì, láàárín Odò Náílì ní gúúsù Íjíbítì, àwọn Júù tí í ṣe ọmọ-ogun ọba Páṣíà ní tẹ́ḿpìlì tiwọn.

Ní ọdún 410 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn àwòrò òrìṣà Khnum dìtẹ̀ pẹ̀lú Vidranga, alákòóso ibẹ̀, a sì wó tẹ́ḿpìlì náà palẹ̀. Àgbò ni àmì òrìṣà yìí. Bóyá ẹbọ àgùntàn ni ó bí wọn nínú. Àwọn Júù ró aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí olórí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù. Kò fèsì. Lójú tèmi, ìdákẹ́jẹ́ yìí dunni ju ìwólulẹ̀ náà lọ, nítorí ará ilé ni ó dákẹ́.

Ní 407, wọ́n kọ̀wé sí Bagohi, gómìnà Jùdíà. Èsì dé: kí wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n sì máa fi ìyẹ̀fun àti tùràrí rúbọ. A kò mẹ́nu ba ẹbọ sísun. Àwọn náà gbà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní sun àgùntàn, màlúù tàbí ewúrẹ́ níbẹ̀ mọ́.