Inú Rírun, Ìsàlẹ̀ Ikùn àti Ẹnu Ilé Ọmọ

Àmì ohùn nìkan ló ya "run", "rùn" àti "rún" sọ́tọ̀ síra wọn nínú àkọtọ́ Yorùbá: ti ohùn àárín jẹ́ ti ìrora inú, ti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ti òórùn, ti ohùn òkè sì jẹ́ ti kí a fọ́ nǹkan wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó bá kọ "inu n run mi" sórí fóònù láìfi àmì kankan sí i kò ní ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà, nítorí "mi" tó gbẹ̀yìn gbólóhùn náà ti fi hàn pé ìrora ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà níbẹ̀ ni "inú" fúnra rẹ̀. Inú loúnjẹ ń lọ, inú loyún ń wà, inú náà ló ń dùn tó sì ń bíni, èyí tó mú kí "inú rírun" gba ọgbẹ́ inú, oúnjẹ tó bàjẹ́ àti ìrora tó ń bá nǹkan oṣù rìn mọ́ra láìyà wọ́n.

Ní Barkin Sale, ní ìlú Minna, níbi tí Yorùbá ti ń gbé láàárín Nupe, Gbagyi àti Hausa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni èdè Hausa ni aláìsàn àti olùtọ́jú fi ń gbọ́ ara wọn yé, èdè náà sì ti yanjú ọ̀ràn yìí: "ciwon ciki" ni inú rírun lásán, "ciwon mara" sì ni ìrora tó wà nísàlẹ̀ ìdodo. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìsàlẹ̀ ikùn" àti "abẹ́ ìdodo" wà nílẹ̀, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lò wọ́n. Gbólóhùn bíi "ìsàlẹ̀ ikùn máa ń dùn mí bí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù" sọ ibi tí ìrora wà àti ìgbà tó ń dé, ó sì gba olùtọ́jú lọ́wọ́ ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún.

"Nǹkan oṣù" pàápàá jẹ́ àdàpè. Orúkọ tí àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí ni "àṣẹ́", tí ohùn òkè wà ní ìparí rẹ̀, tí kò sì bá "àṣẹ" tí ọba ń pa tan. Bí àsìkò àṣẹ́ bá tó, awọ inú ilé ọmọ a máa tú èròjà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní prostaglandin, èyí tó ń mú kí iṣan ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń sọ pé "inú ń lọ́ mi" fi bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu ju bí wọ́n ti rò lọ. Oògùn bíi ibuprofen ń dín èròjà náà kù, nítorí náà ó ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè lò ó. Ìrora ọjọ́ kan sí mẹ́ta báyìí kì í sábà jẹ́ àmì àrùn. Àmọ́ bó bá ń le sí i lọ́dọọdún, tó ń kọjá ọjọ́ àṣẹ́, tàbí tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ìju, ó sì lè jẹ́ endometriosis, ìyẹn ni kí ara tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù níbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. "Mọ́ra, bó o bá ti bímọ á lọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Kì í ṣe ìtọ́jú.

Ibi tí ilé ọmọ ti so mọ́ ojú ara nínú lọ́hùn-ún ni àwọn kan ń pè ní "ọrùn ilé ọmọ", gẹ́gẹ́ bí Látìnì ti pè é, tí àwọn mìíràn ń pè ní "ẹnu ilé ọmọ", èyí tó bá "bakin mahaifa" ti Hausa dọ́gba. "Ẹnu" ló sàn jù, nítorí ibẹ̀ náà ló ń là nígbà ìrọbí. Èyí tí kò tọ̀nà rárá ni kí a pe jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní "jẹjẹrẹ ojú ara", nítorí pé ibòmíràn ni ojú ara.

"Àyẹ̀wò" ẹnu ilé ọmọ tún nílò àlàyé, nítorí ẹni tí nǹkan ń ṣe ni Yorùbá sábà máa ń yẹ̀ wò, nígbà tí àyẹ̀wò yìí wà fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ohun tó ń wá ni HPV, fáírọ́ọ̀sì tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, tàbí àyípadà tó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn nínú rẹ̀ kò ju kí a fi omi kíkan bíi fínígà pa ẹnu ilé ọmọ, kí a sì wò ó bóyá ibì kan funfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 30, tàbí 25 fún obìnrin tó ní HIV, nítorí ara àwọn ọ̀dọ́bìnrin sábà máa ń lé fáírọ́ọ̀sì náà lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ ìdí tí ìsàlẹ̀ ikùn fi ń dun ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ìrora oṣooṣù kì í ṣe ìwé ìpè sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023, tó sì dé Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí Minna wà, ní ìpele kejì ní 2024, tún yàtọ̀: ààbò ni, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Bí èsì àyẹ̀wò bá fi àyípadà hàn, "wọ́n rí nǹkan" ni gbólóhùn tó yẹ kí olùtọ́jú yẹra fún jù, nítorí etí Yorùbá yóò gbọ́ jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń yí padà, a lè yọ wọ́n" gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ni ohun tí ìwé èsì náà sọ.