Ẹ Má Bá Yàrá Kan Sọ̀rọ̀, Gbogbo Ilé Ni Kí Ẹ Bá Sọ Ọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di píà, olùkọ́ ìlera láàárín àwọn ọlọ́ṣọ́, ní agbègbè wa yìí, láti Ìṣẹrì Olówóra títí dé Kétu àti Mile 12, ẹ fetí sí mi. Bí a ṣe ń ya páálí rọ́bà, ìyẹn kọ́ńdọ̀mù, bí a ṣe ń wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí ọlọ́ṣọ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì wọn tí ẹ ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣàpẹẹrẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba rọ́bà lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìdí owó lọ̀rọ̀ wà. Awakọ̀ kan já tòmátì sílẹ̀ ní Mile 12, àpò rẹ̀ kún, ó wọ òtẹ́ẹ̀lì àwọn ọlọ́ṣọ́, ó ní òun á san ìlọ́po méjì bí kò bá ti sí rọ́bà. Obìnrin tó wà ní yàrá kẹta kọ̀. Ṣé ọkùnrin náà á wá lọ sùn ni? Yàrá kẹrin ló kàn. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò tíì rí owó yàrá ọjọ́ yẹn san, mánéjà ti kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀. Ìwàásù wo lẹ fẹ́ ṣe fún un? Ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má bá yàrá kan sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ṣíálédì, olórí àwọn obìnrin inú ilé náà, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ má dúró gbagidi pẹ̀lú káàdì lọ́rùn bí ẹni tó wá gba owó orí. Bí òun bá gbà, ẹ jọ lọ bá mánéjà, kí ó di òfin ilé pé ẹni tí kò bá lo rọ́bà kò ní yàrá níbẹ̀, iye yòówù kó fẹ́ san. Mánéjà kì í ṣe ènìyàn líle tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé obìnrin tó dùbúlẹ̀ àìsàn kì í san owó yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ilé kejì tó wà ládùúgbò, nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ yẹn máa sá lọ.

Àwọn ará Thailand ló ṣe irú èyí ní Ratchaburi ní 1989, tó sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 1991. Oníbàárà wá ibi sá sí, kò rí. Ìjọba àti ọlọ́pàá ni wọ́n fi mú àwọn onílé, èyí tí n kò ní gbà yín níyànjú rẹ̀ láéláé. Bí ọlọ́pàá bá wọlé lọ́dọ̀ tiwa, owó béèlì ló kù. Ti Sonagachi, àdúgbò àwọn ọlọ́ṣọ́ ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, ló wù mí. Ní 1992 ni Dókítà Smarajit Jana bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin iṣẹ́ náà gan-an ló sì fi ṣe olùkọ́. Nígbà tó di 1995, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwọn sílẹ̀, kí ọ̀dọ̀ olówó èlé má bàa jẹ́ ibi ìsádi wọn. Obìnrin tó ní nǹkan nípamọ́ lè sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Ẹ dá àjọ ìfowópamọ́ sílẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìlera ni, bí ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì kò tilẹ̀ ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ yìí ń so èso lọ́dọ̀ tiwa náà. Nínú ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wa ní 2007, nínú 100 ọlọ́ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó lé ní 37 tó ní kòkòrò HIV. Ní 2014, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 19. Ó ṣì pọ̀ jù.

Wọ́n á bi yín léèrè nípa fífọ abẹ́. Àwọn kan ń fi Dettol fọ inú, àwọn mìíràn ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi iyọ̀, wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Ẹ sọ ìtàn Kútọnu fún wọn. Àwọn obìnrin iṣẹ́ yìí níbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi gẹ́ẹ̀lì nonoxynol-9 dán wò, oògùn tó ń pa HIV nínú ìgò. Nígbà tí èsì jáde ní 2000, àwọn tó ń lò ó lemọ́lemọ́ ló kó àrùn jù, nítorí ó ń bó ara inú. Omi lásán ló tó, ìta nìkan sì ni. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa fasilín àti òróró: wọ́n máa ń jẹ rọ́bà, á sì bẹ́. Àtọ̀sí lè wà lára obìnrin láìsí ìrora kankan, nítorí náà kápúsù tí kẹ́mísìtì fún un lálẹ́ kò dípò àyẹ̀wò.

Bí rọ́bà bá bẹ́, tàbí tí ẹnì kan fipá bá obìnrin lò, wákàtí 72 péré ni obìnrin náà ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV, tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28. Ẹ má dúró de ìpàdé oṣù. Mirabel Centre wà ní ilé-ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà láti 2013, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Kí ẹ bá a lọ, kí ẹ jókòó tì í.

Bí ẹ bá rí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ìyẹn kì í ṣe oníbàárà rọ́bà yín. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí aláàbójútó yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ku ẹnu yín: ẹ pa á mọ́. Ẹni tó ní kí ẹ bá òun gba oògùn HIV, ẹ má wọ fẹ́sìtì iṣẹ́ lọ sí yàrá rẹ̀, ẹ má sì béèrè láti ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá ó ti lò ó. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò náà kò sì hàn mọ́ nínú àyẹ̀wò, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ìròyìn yìí ti mú ọ̀pọ̀ wọn padà sídìí oògùn ju ìbẹ̀rù lọ. Nínú rẹ́jísítà yín, nọ́ńbà ni kí ẹ fi dá a mọ̀, kí ẹ má kọ orúkọ. Kí ìwé náà má sì sùn nínú òtẹ́ẹ̀lì.